Ẹ̀tù Tó Bá Ìbọn Ọkọ Mi Mu

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Irọ́ ni. Èmi sanra dáadáa ní gbogbo àkókò tí mo fi jowú ní Calgary. Bí mo ṣe ń jowú ni mò ń jẹun. Sùúrù ni owú gbà lọ́wọ́ mi, kò sì tíì dá gbogbo rẹ̀ padà títí di òní.

Ìgbà tí owó epo já wálẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbé Calgary nígbà náà mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ àárín ìlú ń gbọn òṣìṣẹ́ dànù bí ẹni ń gbọn iyanrìn kúrò lára ẹní. Àwọn ẹnjiníà tó ti ń wa ọkọ̀ gàgàrà kiri bẹ̀rẹ̀ sí í wọ train. Ní àdúgbò wa ní New Brighton, pátákó "For Sale" ń hù níwájú ilé bí olú. Ọkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n lé. Ẹnjiníà páìpù ni. Ó jáde láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì kọ̀ǹpútà, ó sì padà dé kí oòrùn tó kan àtàrí, ó gbé páálí kan dání, ife tíì rẹ̀ àti fọ́tò ọmọ wa ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé páálí náà lọ sí basement, yàrá abẹ́ ilé wa. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti dákẹ́.

N kò sọ pé ó ń bínú o. Ó ń kírun, ó ń jẹun, ó ń gbé ọmọ lọ sí school. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, tí ìròyìn kún ẹnu mi, kò ní í rí ọ̀rọ̀ dá mi lóhùn.

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí ni wọ́n sọ ní interview yẹn?"

"Wọ́n ní àwọn máa pè."

Ó parí nìyẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé nígbà tí a kọ́kọ́ fẹ́ra, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ dákẹ́ kí n lè sùn! Mo wá ń wá ohùn rẹ̀ nínú ilé bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù.

Ìgbà yìí ni àbúrò wọlé. Mo pè é ní àbúrò nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi ṣe pè é. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. "Àbúrò mi ni." Àbúrò wo? Ìyá wo ló bí yín pọ̀? Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọmọbìnrin náà, ọkọ mi sì jẹ́ ọmọ Èkó. Geologist ni, ibi iṣẹ́ kan náà ni wọ́n wà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì lé àwọn méjèèjì. Kò ní ọkọ. Ó ń dá gbé ní McKenzie Towne, kò sì jìnnà sí wa rárá. Ó rẹwà. Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé kò rẹwà, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ̀ ọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìbọn ló kó wọn pọ̀. Ìgbà tí nǹkan ṣì ń lọ dáadáa ni ọkọ mi ra ìbọn náà, ìbọn ológun àtijọ́, onígi, tó wúwo bí odó, tí àwọn sójà ti lò kí wọ́n tó kó irú wọn wá sí ọjà. Ẹ̀gbẹ́ bárékè ni wọ́n ti tọ́ ọkọ mi dàgbà n'Íkẹjà, ìbọn sójà sì ti ń wù ú láti kékeré. Ó gba license, ó ra àpótí irin tó ń tì í mọ́, gbogbo ohun tí òfin ní kó ṣe ló ṣe. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn náà wá di ọ̀wọ́n gógó, gẹ́lẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bọ́. Àbúrò ló wá sọ fún un pé èèpo ọta tí wọ́n bá ti yìn kì í ṣe ohun à ń dà nù, pé èèyàn lè rọ ẹ̀tù tuntun sínú rẹ̀, kó fi ọta tuntun dé e lórí, kó sì yìn ín padà. Inú igbó apá àríwá, níbi tó ti ń wá epo fún ilé-iṣẹ́, ló ti kọ́ nípa ìbọn, nítorí béárì. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ó gbé ẹ̀rọ náà wá sí basement mi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Mo ní basement mi.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń gé ẹ̀fọ́ ní kitchen, mo gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀rín ọkọ mi ni, èyí tó máa ń ti inú wá, tó fi máa ń gbá itan ara rẹ̀. Mo ti pàdánù ẹ̀rín yẹn tipẹ́ débi pé mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kí n má baà gé ọwọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ni àwọn àgbà wí. Ẹ̀ṣọ́ ti ilé tèmi kò tilẹ̀ dé òde, abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n kó o lọ.

Ọmọbìnrin wa tó ń ya àwòrán lórí tábìlì gbójú sókè. "Mummy, Auntie always makes Daddy laugh."

"Mo gbọ́."

"You should try it."

Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ yá sí i, àmọ́ òótọ́ lọmọ sọ.

Mo kó puff-puff sínú àwo, mo sọ̀ kalẹ̀. Bí mo ṣe yọ ni àbúrò dìde lórí àga, tó kúnlẹ̀ gbàgà lórí sìmẹ́ńtì tútù. "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má bínú, ma, a ti gba gbogbo ilé mọ́ yín lọ́wọ́." Ibi tó dùn mí jù nìyẹn. Bó bá ṣe pé aláfojúdi ni, mo mọ ohun tí mi ò bá fi ojú rẹ̀ rí. Ẹni tó ti wà lórí orúnkún, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bá a jà? Mo ní kó dìde, mo ní ó káre, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà dùn mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, everything dey inside the powder," ó ń sọ fún ọkọ mi bí mo ṣe ń gbé àwo kalẹ̀. "Tí powder ò bá bá ìbọn yìí mu, forget it."

"Èyí tí a fi ṣe ti last week nkọ́?"

"Kò gbé e dáadáa. Ẹ rí i pé ó ń há."

Ọkọ mi dá a lóhùn. Ó sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé, ó fi ìka ya nǹkan sórí tábìlì, ó ní "àbí o ò rí i?" ó ní "dúró, dúró, jẹ́ kí n parí." Ohun tó ń sọ kò yé mi, n kò tilẹ̀ gbìyànjú kó yé mi. Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀ tó ń sí tó ń pa dé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ìgbà tí snow ti bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ló ń kó o jọ nínú ilé mi, ó sì ń fi puff-puff mi sìn ín.

Ohun kan ṣoṣo ni mo mú gòkè padà: wọn ò tíì rí ẹ̀tù tó bá ìbọn náà mu. Inú mi sì dùn, nítorí ọmọ ọdẹ ni mí.

Ọkọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á sí nǹkan kan. Ní Ṣakí tí wọ́n bí mi sí, bàbá mi ní ìbọn ṣakabùlà kan tó gùn jù mí lọ. Èmi ni mo máa ń sá ẹ̀tù rẹ̀ sóòrùn tí òjò bá ti jẹ́ kó rin. Oríṣi méjì ni bàbá mi máa ń tọ́jú: èyí tó kúnná wà fún ojú ìbọn níbi tí iná ti ń ràn, èyí tó rí wóro-wóro wà fún inú ọ̀pá. Bàbá mi a máa sọ pé bí ìbọn bá ṣe gùn tó ni kí wóro ẹ̀tù rẹ̀ ṣe tóbi tó, kó má baà jó tán kó tó ti ọta jáde. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ A B D. Mo ní ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀tù han Ìjẹ̀bú yìí.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọdẹ, aṣọ iṣẹ́ àti hijab mi ṣì wà lọ́rùn mi. Wọ́n rọ ẹ̀tù díẹ̀díẹ̀ sínú àwọn ìgò kéékèèké sórí káńtà kí oníbàárà lè rí i. Òmíràn pẹlẹbẹ, òmíràn rí róbótó bí ọkà bàbà, òmíràn sì rí bí igi pẹ́ńsù tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo na ìka sí èyí tí wóro rẹ̀ tóbi jù. Òyìnbó tó ń tajà náà bi mí pé irú ìbọn wo ló wà fún. Mo ní ìbọn ológun, àtijọ́, tó gùn. Ó tún fẹ́ bi mí ní nǹkan mìíràn, ni mo bá sọ fún un pé, "My father was a hunter." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní ó dáa, ó gbé agolo rẹ̀ fún mi.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró di Sátidé, kí àbúrò lè wà níbẹ̀. Mo gbé agolo náà sórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì bí ẹni gbé ìyàwó kalẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀tù tí ẹ ń wá rèé."

Àbúrò gbé e, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ó wo ojú ọkọ mi. Ọkọ mi náà wo ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú wọn, síbẹ̀ wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀ tán. Tọkọtaya ló ń wojú ara wọn bẹ́ẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ ṣé gan-an, ma. Powder gidi ni. Àmọ́..."

"Àmọ́ kí ni?"

"Ó lọ́ra jù fún ìbọn yìí, ma. Ó lè ba nǹkan jẹ́ nínú ẹ̀."

"Bàbá mi ti ń fi ìbọn pa ẹfọ̀n kí wọ́n tó bí ẹ," mo ní. "Òun ló sọ fún mi pé ìbọn gígùn ló ń fẹ́ ẹ̀tù wóro ńlá." Mo yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ náà, ṣé o ò ní ẹnu ni? O kàn jókòó, ò ń wò mí!"

Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, n kò tíì pè é ní "ìwọ" rí. Ó jù mí lọ dáadáa, bí wọ́n sì ṣe tọ́ mi kọ́ nìyẹn. Àbúrò gbé jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún kúnlẹ̀ fún mi, ó ní ó dàbọ̀, ó sá gòkè. Mo gbọ́ tó ń kí ọmọ mi pé ó dìgbà kan ná.

Mo ń retí kí ọkọ mi bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, ó gbé ìbọn náà, ó ṣí i, ó wò ó bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú mi. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Ohun tí bàbá ẹ sọ kì í ṣe irọ́," ó ní. "Ìbọn bàbá ẹ, tí ọta bá ti jáde, ó ti parí. Èéfín ẹ̀ náà á bá a jáde lọ. Èyí yàtọ̀. Wo ihò kékeré yìí nítòsí ẹnu ẹ̀. Tí ọta bá kọjá ibẹ̀, gáàsì díẹ̀ máa gba ihò yẹn wọlé, ó máa ti ọ̀pá gígùn yìí sẹ́yìn. Ọ̀pá yìí ló ń yọ èèpo dànù, tó tún ń gbé òmíràn wọlé. Ìbọn náà ló ń ki ara ẹ̀ ní ọta. Tí ẹ̀tù bá wá lọ́ra, agbára ẹ̀ ṣì máa pọ̀ tó bá fi dé ibi ihò yẹn. Ó máa gbá ọ̀pá yìí ju bó ṣe yẹ lọ, ó máa tẹ̀ ẹ́. Tó bá sì yára jù, pressure á ti pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, kò ní lè ti ọ̀pá dáadáa. Èyí tó wà láàárín là ń wá."

Ó yé mi. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé ó yé mi, torí mo rí i pé ó rọrùn, àti pé ó ti lè sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí wá.

"Kí ló dé tí ẹ ò lè bá mi sọ̀rọ̀ báyìí?" mo ní. "Kí ni mo ṣe? Kí ló ní tí mi ò ní?"

Ó gbé ojú kúrò lára mi. "Kò ní nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ nìyẹn. Wọ́n lé e, wọ́n lé mi. Kò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ mi. Ìwọ, tí o bá wọlé, bàtà iṣẹ́ tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ ni mo máa kọ́kọ́ rí. Ojú á tì mí. What do I want to say? Ṣé kí n sọ fún ẹ pé mo tún jókòó sílé lónìí?"

Ó wù mí kí n sọ fún un pé kí ojú má tì í mọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà létè mi, owú sì jókòó lé e. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ẹ kọ́ mi ní ẹ̀tù yẹn."

Ó kọ́ mi lóòótọ́. Àbúrò náà padà wá lẹ́yìn tí mo pè é, tí mo sì tọrọ àforíjì bí mo ṣe lè tọrọ rẹ̀ mọ, òun náà sì kọ́ mi. Mo mọ èyí tó yá àti èyí tó lọ́ra, mo mọ ìdí tí a kì í fi ojú wọn ẹ̀tù, tí ó fi gbọ́dọ̀ gorí òṣùwọ̀n, tí a kì í sì í kọjá ohun tí ìwé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sọ. A rí ẹ̀tù kan tó wà láàárín, a gbé e lọ sí range tí wọ́n ti ń yìnbọn, ìbọn náà sì ń ju èèpo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọkọ mi pariwo bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n mo rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, àbúrò sì fi irinṣẹ́ tó ń fẹ́ sí i lọ́wọ́ láìbéèrè. Mo ń wo ọwọ́ méjèèjì yẹn títí a fi délé.

Mo gbàdúrà. Ẹ má bi mí ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ. Kò pẹ́ sígbà náà tí àbúrò rí iṣẹ́ ní Texas. Mo se ìrẹsì àti ẹran ewúrẹ́ fún un láti dágbére, mo ṣàdúrà fún un pé kó rí ọkọ gidi níbẹ̀, kó bímọ, kó kọ́lé síbẹ̀, kó má rántí òtútù Calgary láé. Kò sẹ́ni tó ṣe àmín kíkan tó tèmi. Ó sunkún nígbà tó dì mọ́ mi. Èmi náà sunkún, tèmi jẹ́ ti ayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, mo kọrin nínú kitchen. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọkọ mi tún dákẹ́, èyí sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti ìbọn mọ́ inú àpótí, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ tí àbúrò fi sílẹ̀ fún un. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fa àga tí ọmọbìnrin náà máa ń jókòó lé, mo bi í ní àwọn ìbéèrè tí mo ti mọ ìdáhùn wọn.

"Ihò yẹn, ṣé kò lè dí?"

"Ó lè dí."

"Tó bá dí nkọ́?"

"A máa nù ún."

Bí mo ṣe gbé gbogbo ìmọ̀ mi kalẹ̀ tó, bàtà iṣẹ́ mi ló ṣì ń rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní àwọn máa pè é kò pè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án. Ọmọ wa kò sọ pé kí n gbìyànjú nǹkan kan mọ́, òun náà ti dákẹ́.

Ọjọ́ kan tí mo wà ní off, mo fagbára mú un jáde. Mo ní ẹ̀tù ti ń tán, ẹ jẹ́ ká lọ rà á. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, èyí tí a máa ń lò ti tán pátápátá, wọn ò sì mọ ìgbà tí òmíràn máa dé. Òyìnbó náà gbé agolo méjì mìíràn kalẹ̀, ó ní ká mú èyí tó bá wù wá. Ọkọ mi dúró, ó ń wò wọ́n. Ẹnjiníà tó ń fi ìṣírò gbé páìpù gba abẹ́ odò kọjá tẹ́lẹ̀! Ó wò wọ́n títí, apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ méjèèjì.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé," ó ní.

Mo mọ èyí tó yẹ. Ọ̀tún ni. Ti òsì lọ́ra, á tẹ ọ̀pá náà. Ọwọ́ mi ti ń dìde láti tọ́ka sí i. Ìdùnnú wo ló kù fún òjòwú ju kó mọ̀ ọ́n níbi tí àbúrò ò sí? Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo wo ojú ọkọ mi. Mo dá ọwọ́ mi padà, mo kó o sínú báàgì, mo yọ phone, mo pe Texas.

"Àǹtí mi!" ó pariwo. "Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. A wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀tù. Èwo nínú méjì yìí ló bá ìbọn ẹ̀gbọ́n ẹ mu?" Mo ka orúkọ tó wà lára agolo méjèèjì fún un.

"Ah-ah, àǹtí mi. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, now. Ẹ̀yin lẹ ṣàlàyé méjèèjì yẹn fún mi kí n tó kúrò."

Mo kẹ́yìn sí ọkọ mi. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n," mo ní. "Ṣùgbọ́n bá mi bi òun."

Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ẹ gbé phone fún wọn, ma."

Mo gbé e fún un. Ó ní "Hello," ó tẹ́tí. Ó ní, "Rárá o, ìwọ náà, báwo lo ṣe máa mú ti òsì? Dúró, jẹ́ kí n parí." Ó gbé agolo ọ̀tún lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ẹ̀rín sì gba ibẹ̀ já. Owú mú mi débi pé n kò lè dúró tì í. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ń to bàtà snow sí, mò ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń yẹ abẹ́ wọn wò, títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.